Iṣẹ́ Tí Salomea Kò Jẹ́

Gbogbo abúlé Zawilcze ló mọ̀ pé bí oòrùn bá ti wọ̀, èèyàn kò lè rí Salomea Kurdziel níta mọ́. Nígbà òtútù, tí ilẹ̀ máa ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á ti kó igi ìdáná wọlé, á ti ti adìẹ mọ́lé, á ti fa ilẹ̀kùn dè gbọn-in, iná á sì máa tàn ní gbogbo yàrá títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Nígbà tí Ludwik ọkọ rẹ̀ wà láyé, òun ló máa ń jáde lóru lọ wo ohun tí ajá ń gbó sí. Láti ìgbà tí Ludwik ti kú, ajá ìbáà gbó títí ohùn rẹ̀ á fi há, Salomea kò ní yọjú lójú fèrèsé.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ abúlé náà. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú. Kò bẹ̀rù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kò bẹ̀rù àwọn tó ń wá láti ìlú ńlá wá yẹ ilé ìdáná wò. Lọ́jọ́ tí màlúù kan já wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, òun ló mú ṣíbí ọbẹ̀ ńlá lé e jáde. Òkùnkùn nìkan ni ọ̀gá rẹ̀. Lucyna, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Jésù bá padà wá bí olè lóru lóòótọ́, Salomea kò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwọn èèyàn rò pé opó ṣíṣe ló fà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdílé wọn ń gbé nígbà náà nínú ilé kan tó dá dúró létí igbó. Ilé tó sún mọ́ wọn jù ni ti Kornela agbẹ̀bí, ní òdìkejì igbó náà, nǹkan bí kìlómítà méjì. Nínú oṣù Èrèlè ni, yìnyín ti jìn dé orúnkún. Apolonia, ìyá Salomea, wà nínú oyún oṣù kẹjọ nígbà tí ìrọbí mú un lóru láìròtẹ́lẹ̀. Bolesław bàbá rẹ̀ ti mutí yó dé láti ilé ìlagi, ó sùn gbalaja sórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń hanrun.

Apolonia tan fìtílà, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ pe Ìyá Kornela wá. Sọ pé Màmá ní kí wọ́n máa bọ̀, omi ọmọ ti tú. Má dúró lójú ọ̀nà."

Salomea lọ. Ó ń tún iṣẹ́ náà sọ lẹ́nu bó ṣe ń lọ kó má bàa gbàgbé. Ní agbedeméjì igbó, òpó kan wà tí wọ́n ṣe òrùlé kékeré lé lórí, wọ́n sì gbẹ́ ère Jésù sí abẹ́ òrùlé náà, ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán, bí ẹni tí ọ̀ràn sú. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà ń mì lójú ère náà, ó dà bíi pé ojú rẹ̀ ń yí padà. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti pa fìtílà. Nǹkan kan sán pà nínú igbó. Ó tún sán, ó sì súnmọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà pẹ̀yìn dà, ó sì sáré padà.

Kò wọlé. Ó yọ́ wọ ilé màlúù, ó fara mọ́ ikùn màlúù nínú òkùnkùn, ó ka ìwọ̀n ìgbà tó rò pé èèyàn á fi lọ tí á fi bọ̀. Nígbà tó kà á tán, ó wọlé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kan ilẹ̀kùn títí, wọn kò ṣí. Apolonia wò ó, ó kọjú sí ògiri.

Ọkùnrin ni ọmọ tó bí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tó dé, ara rẹ̀ ti dúdú, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ké, ohùn rẹ̀ bí ti ọmọ ológbò. Igbe náà ló jí Bolesław. Ọtí dá lójú rẹ̀, ó bu omi, ó sì ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà, ó pè é ní Alojzy. Kí oòrùn tó yọ lókè àwọn igi, ọmọ náà ti kú.

Kò sẹ́ni tó bá Salomea wí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Nígbà tó di ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kan tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ó lọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà tí kò rí ojú rẹ̀. Àlùfáà náà sọ fún un pé ọmọdé ni nígbà náà, Ọlọ́run kò tilẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó gbà á gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bá a lọ.

Fada Hilary, ọ̀dọ́ àlùfáà tí kò tíì pé ọdún méjì ní Zawilcze, ló mú Ìrìn Òru dé ìjọ náà. Nínú Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n á gbéra lẹ́yìn Mísà, wọ́n á rin kìlómítà méjìdínlógójì nínú òkùnkùn lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn tó yara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, lórí òkè. Ibùdúró mẹ́rìnlá ló wà lójú ọ̀nà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn á dúró, á ka ojú ewé kan nínú ìwé pélébé tí Fada pín, á ronú sí ìyà Jésù àti sí ayé tirẹ̀, á sì tẹ̀ síwájú. Òfin kan ṣoṣo ni Fada ṣe: kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kò sí orin, kò sí ìtàkurọ̀sọ. Kálukú pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n lẹ àwòrán ọ̀nà náà mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Salomea fi ìka tẹ̀ lé e lọ́sàn-án gangan, ó rí i pé inú igbó ni yóò gbà, pé ibùdúró karùn-ún wà nídìí ère Jésù tó fọwọ́ lẹ́rán. Ó yọ ọwọ́ kúrò lára bébà náà bí ẹni tí iná jó. Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Kérésìmesì, ibà dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Apolonia ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, yàrá inú lọ́dọ̀ Salomea ló ń gbé. Ní òru tí ibà náà le jù, ó ń pe orúkọ kan ṣáá: Alojzy, Alojzy. Salomea dúró tì í pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, kò lè sọ pé kó dákẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lucyna rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí wọ́n ti ń bó ọ̀dùnkún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín ni mo rí lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, àbí ojú mi ló ń ṣe bàìbàì?"

"Orúkọ mi ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé ìtọ̀ tó wà nínú ilé?"

"Bó o bá bó ọ̀dùnkún yẹn tán, o lè máa bú mi lọ."

"Ta ló bú yín? Èmi àti Wacław náà ń lọ. Ẹ kàn máa tẹ̀ lé ẹ̀yìn mi. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ẹ̀yìn mi ṣe fẹ̀ tó, ìkookò kankan ò ní rí yín níbẹ̀."

Nígbà tí Salomea sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ, ìyá náà bi í pé ibo ni wọ́n máa gbà. Ó ní inú igbó ni. Apolonia ní kó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn.

Òtútù alẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Èémí ń di yìnyín lára ìbòrùn. Nǹkan bí ọgọ́ta èèyàn ló jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, tọ́ọ̀ṣì lórí kálukú, ìwé pélébé nínú àpò. Láìpẹ́ wọ́n ti pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ti ṣíwájú. Lucyna àti Wacław ọkọ rẹ̀ ló kẹ́yìn, nítorí Lucyna kì í kánjú, Salomea sì wà lẹ́yìn wọn, ó tẹjú mọ́ ọ̀já tó ń dán lẹ́yìn Lucyna, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Títì ọlọ́dà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ilé wà lọ́tùn-ún lósì, iná wà lójú ọ̀nà. Ní ibùdúró kìíní, ìkejì, ìkẹta, ó ka ohun tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò yé e, ohun tó ń bọ̀ níwájú ló gba ọkàn rẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibùdúró kẹrin, lórí afárá tó wà ní ìparí abúlé, nígbà tí yìnyín yọ̀ mọ́ Lucyna lẹ́sẹ̀. Ó ṣubú yakata. Orúnkún rẹ̀ wú kí wọ́n tó gbé e dìde. Wacław pe ọmọ wọn lórí fóònù, kò sì pẹ́ tí mọ́tò fi dé. Wọ́n gbé Lucyna sí ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí sílẹ̀, iná tàn nínú rẹ̀, ooru ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé," Lucyna wí, kò ka òfin Fada sí. "Ọlọ́run ti rí yín. Àyè wà."

Salomea ti gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ní, "Ẹ máa lọ."

Wacław wò ó. "Ẹ̀yin nìkan?"

"Àwọn kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Irọ́ ni. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ó sì mọ̀ ọ́n sí i nígbà tí iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò náà yà ní kọ̀rọ̀ tó sì pòórá. Igbó wà níwájú rẹ̀. Ó dúró lójú kan títí òtútù fi ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ tó tóbi tó àtẹ ìfẹ́kà síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn àtẹ yẹn dúdú ju bí ìbá ti dúdú bí kò bá sí iná lọ. Ó ń ka ìgbésẹ̀. Bó bá ti ka ogún, ọkàn rẹ̀ á fò, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Igi ń sán pà pà nínú igbó. Ó mọ ohun tó ń fà á: bí òtútù bá mú gan-an, igi a máa sán fúnra rẹ̀, àgbàlagbà ló sọ ọ́ fún un, ó ti sọ ọ́ fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn náà. Ìmọ̀ yẹn kò wúlò fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí igi bá sán, ara rẹ̀ á ta gìrì.

Ojú ilẹ̀ ló ń wò, nítorí ipasẹ̀ bàtà àwọn tó ṣíwájú ń tù ú nínú. Èèyàn gba ibí kọjá, kò tíì pẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí ipasẹ̀ mìíràn. Ẹsẹ̀ ẹranko ni, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èékánná hàn nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ lórí ipasẹ̀ bàtà. Ó dúró láti ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn èèyàn kọjá, lẹ́yìn náà ni ẹranko yìí wá tẹ̀ lé wọn.

"Ajá ni," ó sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá wo ló ń dá rìn nínú igbó yìí lóru? Ipasẹ̀ náà bá a lọ nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, lẹ́yìn náà ó yà kúrò lójú ọ̀nà sí apá ọ̀tún. Bóyá ó ti lọ. Bóyá ó jókòó síbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Òtútù ń pa bátìrì. Ó ní bátìrì méjì sí i nínú àpò àyà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti kú, ọ̀kan já bọ́ sínú yìnyín, méjèèjì ni tọ́ọ̀ṣì sì ń lò. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a, ó ń gbàdúrà sí Antoni Mímọ́ tó ń bá èèyàn wá ohun tó sọnù, kò rí i. Bó ti ń wá a lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì náà di àwọ̀ pupa ẹyin, ó sì kú. Ó yọ fóònù. Fóònù ti kú ṣáájú tọ́ọ̀ṣì.

Kò sí òṣùpá. Yìnyín nìkan ló funfun nílẹ̀, ó kàn tó láti mọ ibi tí ọ̀nà wà àti ibi tí igi wà. Salomea dìde. Ó fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé nǹkan kan lè dá òun lóhùn. Bó ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ nìyẹn, títí ó fi rí iná pupa kékeré kan níwájú.

Àwọn tó ṣíwájú ló tan àbẹ́là sínú ìgò pupa sí ìdí òpó náà. Ère Jésù wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán bíi ti ọjọ́ kìíní. Iná náà ń mì, ojú ère náà ń yí padà. Ibùdúró karùn-ún, níbi tí wọ́n ti fi túláàsì mú Símónì ará Kirene láti bá Jésù gbé àgbélébùú. Salomea ṣí ìwé pélébé, kò rí ìlà kan kà nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn.

Nígbà náà ni nǹkan náà mí.

Kì í ṣe igi tó sán. Èémí ni, ó wúwo, ó jáde láti apá ọ̀tún, níbi tí igi ti ki. Ẹ̀ka kan ṣẹ́. Lẹ́yìn náà òmíràn, nítòsí. Ìtọ̀ gbígbóná ṣàn wálẹ̀ nínú ṣòkòtò Salomea, ó sì di tútù lójú ẹsẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti ń sáré, ó ti kọ ère náà lẹ́yìn, ó ń padà síbi tó ti wá.

Bóyá ó sá tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Ohun tó dá a dúró kì í ṣe ìgboyà, òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ló kàn sọ sí i lọ́kàn: ibo lò ń sá lọ? Ilé màlúù yẹn ti wó láti ogójì ọdún. Ilé tí wọ́n bí i sí ti wó. Kò sí ibi tí yóò fara pamọ́ sí ní òpin eré náà. Ó dúró sínú òkùnkùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín tí kò mọ̀ pé òun ṣì ní:

"Ìyá Kornela, Màmá ní kí ẹ máa bọ̀. Omi ọmọ ti tú."

Ó yíjú padà. Ó tún un sọ. Gbólóhùn kan, ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ó kọjá lára àbẹ́là, ó kọjá lára ère, kò wò ó. Nǹkan náà ń bá a rìn láàárín àwọn igi, ó ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń rún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá dúró, á dúró, bó bá lọ, á lọ. Títí di òní, kò mọ ohun tó jẹ́. Àwọn ọdẹ tó sọ fún sọ pé ó lè jẹ́ àgbọ̀nrín, ó lè jẹ́ ìkookò, wọ́n ní ìkookò a máa sin èèyàn báyẹn títí èèyàn náà á fi jáde kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Kò dúró wò ó. Màmá ní kí ẹ máa bọ̀. Omi ọmọ ti tú. Ohùn rẹ̀ ń ga sí i, ó ń pariwo rẹ̀ nínú igbó bí ẹni tó ń polówó ọjà, omijé ń dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rù kò sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí igbó ti parí ni ilé Kornela wà tẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta mẹ́rin ló kù níbẹ̀ àti igi píà kan. Salomea gun àtẹ̀gùn náà. Kò sí ilẹ̀kùn, nítorí náà ó fi ìka kan òkúta tó wà lókè pátápátá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà pátá, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó dúró bí èèyàn ṣe ń dúró de ẹni tó ń wá bàtà rẹ̀ nínú ilé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀nà odò.

"Ẹ má bínú," ó sọ nígbà tó yá. "Mo pẹ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá ọ̀nà odò lọ. Ní ibùdúró keje ló bá àwọn obìnrin méjì láti abúlé kejì, wọ́n jókòó sórí ìtì igi. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wo ojú rẹ̀, ọ̀kan bu tíì fún un nínú fúláàsì, èkejì bọ́ ìbòrùn ara rẹ̀, ó wé e mọ́ ọn lọ́rùn. Ó tẹ̀ lé wọn. Igbó méjì mìíràn ṣì wà níwájú, ẹ̀rù sì bà á nínú méjèèjì. Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí wọ́n gun òkè dé ọ̀dọ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní búrẹ́dì, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti kofí ọkà gbígbóná. Salomea sùn nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀.

Nígbà tó délé, kò bọ́ bàtà. Ó lọ tààrà sí yàrá inú, ó jókòó sí ẹ̀bá ibùsùn ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: fìtílà tó kú, ère, ilé màlúù, irọ́ tó pa. Kò gba ara rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan. Apolonia tẹ́tí títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń jẹun díẹ̀, ó ń gba oògùn, ó ń gbàdúrà pẹ̀lú rosárì, ṣùgbọ́n bí Salomea bá wọlé, á pa ojú dé. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn dẹ́rù ba Salomea ju igbó lọ. Ó ń rò ó pé òun ti pa ìyá òun nítorí kí ara lè tu òun. Kò lè bá Lucyna sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lọ bá Fada.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé ọbẹ̀ ọkà báálì wọlé, ó gbé e sílẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

"Kornela sọ fún mi," ìyá rẹ̀ wí.

Salomea dúró.

"Ọjọ́ kẹta tí Alojzy kú ló wá. Ó ní kí ló dé tí mi ò ránṣẹ́ pe òun, pé òun wà nílé lóru ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ló wú mọ́ òun, òun ò tilẹ̀ fojú kan oorun."

"Ẹ ti mọ̀, Màmá."

"Mo mọ̀. Mo sì bínú sí ẹ. Ní gbogbo ọdún yẹn, bí mo bá ń di irun rẹ, mo máa ń fà á. O ò rántí?"

Ó rántí. Ó ti rò pé bí wọ́n ṣe ń di irun nìyẹn.

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Apolonia wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ ìbora. "Kí n bi ẹ́ pé kí ni? Ìwọ náà á wá bi mí pé ta ló rán ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sínú igbó lóru. Bàbá rẹ wà níbẹ̀. Omi wà nínú garawa. Mi ò dà á lé e lórí, torí mo mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe bí wọ́n bá jí i lójijì. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju igbó lọ. Mo wá rán ìwọ." Ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ ìbora náà. "Ojoojúmọ́ ni mò ń retí pé kó o bi mí."

Salomea padà síbi ibùsùn. Ó jókòó. Ó fẹ́ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ìyá náà ti na ọwọ́ sí ṣíbí.

"Ọbẹ̀ yìí ti ń tutù," Apolonia wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Ẹ̀rù òkùnkùn kò kúrò lára Salomea. Nígbà tí Ìrìn Òru tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ, ó sì sọ fún ẹni tó bá bi í pé ẹ̀rù bà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà: ó ti mọ ohun tí ẹ̀rù náà jẹ́, ó sì ń bá a rìn.

Ní oṣù Igbe ọdún tí wọ́n sọ̀rọ̀ náà, nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Apolonia ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ibojì Alojzy. Wacław fi mọ́tò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú. Igun àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n àgbélébùú irin tí Bolesław ṣe ti dípẹtà, ó ti já, kò sì sí orúkọ lórí òkìtì kankan mọ́. Apolonia fi ọ̀pá tọ́ka sí ọ̀kan, ó ní èyí ni. Salomea ní rárá, òun rántí pé ẹ̀gbẹ́ igi ni. Ìyá rẹ̀ ní ta ló bí i, òun àbí Salomea? Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jiyàn iye iyọ̀ tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀. Nígbà tó yá, Salomea pín òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì sórí òkìtì kìíní, ó fi ìdajì sórí èkejì, wọ́n sì gbàdúrà láàárín méjèèjì.